Ọjọ́ mẹ́jọ lórí odò South Alligator, à ń tẹ́tí sí ẹja tójú ò lè rí

Ọjọ́ kìíní

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi kúrò ní Darwin, ìlú kan ní àríwá Ọsirélíà. Móòtò méjì, bóòtì méjì tá a so mọ́ wọn nídìí, tẹ́ńtì, kúlà, okùn, jálá epo, àti àpótí dúdú kan tí Ọ̀gá wa ò jẹ́ kẹ́lòmíì gbé, torí inú ẹ̀ làwọn tag wà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tá a máa ń fi sára ẹja ká lè tọpa ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là Ọsirélíà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ju ìka ọmọdé lọ. Oṣù kọkànlá la wà yìí, ìgbà tí òjò ń ṣú lójoojúmọ́ àmọ́ tí kò tíì rọ̀ dáadáa, ooru ibẹ̀ lásìkò yìí, háà, bí ìgbà téèyàn wà nínú ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná ni. Àwọn Bininj tó ni ilẹ̀ Kakadu, ọgbà ìpamọ́ ìjọba tí odò South Alligator wà nínú ẹ̀, pín ọdún sí ìgbà mẹ́fà, èyí tá a wà nínú ẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Gunumeleng.

Arnhem Highway la gbà. A gba orí odò Adelaide kọjá, ibi táwọn èèyàn ti máa ń sanwó wọ ọkọ̀ lọ wo ọ̀nì tó ń fò sókè já ẹran gbà. Èmi ò wá ọ̀nì, omi yẹn gan-an ni mò ń wò látojú fèrèsé. Ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, tó o bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ o ò ní rí ìka ẹ mọ́. Inú irú omi yìí lẹja tá a wá bá ń gbé.

Ekurá ni, ìyẹn shark, àmọ́ kì í ṣe ekurá òkun tẹ́ ẹ ti ń rí nínú fíìmù. Ekurá odò ni. Oríṣi méjì ló wà ní àríwá Ọsirélíà. Àkọ́kọ́ ni Glyphis glyphis, tí eyín iwájú ẹ̀ nísàlẹ̀ rí ṣónṣó bí ẹnu ọ̀kọ̀, àwa máa ń pè é ní eléyín-ọ̀kọ̀. Ìkejì ni Glyphis garricki, òun ò tiẹ̀ lórúkọ nínú ìwé títí di 2008, Jack Garrick ará New Zealand ni wọ́n fi sọ lórúkọ. Eléyín-ọ̀kọ̀ ní tiẹ̀, láti 1839 ni Müller àti Henle ní Jámánì ti kọ̀wé nípa ẹ̀, òkú ẹja kan tí wọ́n ki nǹkan sínú awọ ẹ̀ ni wọ́n wò, kò sì sẹ́ni tó mọ omi tó ti wá. Ìwé ìwádìí tó kọ́kọ́ sọ pé wọ́n rí àwọn tó ti dàgbà nínú wọn, ní Papua New Guinea, 2015 ló jáde. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ẹja tó gùn ju èèyàn lọ tó bá dàgbà o, kì í ṣe ẹja wẹ́wẹ́.

Ọ̀sán la dé etí odò South Alligator. Àwọn ranger, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀ àti odò ibẹ̀, ti ń dúró dè wá, Àǹtí wà pẹ̀lú wọn. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Àǹtí, torí níbí náà wọ́n kì í pe àgbà lórúkọ gán-ín báyẹn. Ó kó wa lọ sétí omi, ó kígbe sí odò náà ní èdè àwọn bàbá ẹ̀, ó ń sọ ẹni tá a jẹ́ fún àwọn tó ni ibẹ̀ àti ohun tá a wá ṣe, ó wá bu omi sí wa lórí níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí ó wo ojú mi, ó ní ìwọ tọ́nà ẹ jìn jù, ìwọ ni ìgbe mi gbọ́dọ̀ pẹ́ lé lórí jù. Mo dọ̀bálẹ̀, kódà mi ò rò ó kí n tó ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn.

Ọjọ́ kejì

Aago mẹ́rin àárọ̀ la jí. Omi ló ń pàṣẹ níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun máa ń ti omi wọ inú odò yìí tá sì tún fà á padà, láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà, ó lè tó mítà márùn-ún lápá ìsàlẹ̀. Tó bá fà tán bèbè odò á di ògiri ẹrẹ̀, igi ẹ̀gbà á dúró lórí gbòǹgbò bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè, àwọn ọ̀nì á sì nà sílẹ̀ máa yáàrùn. Òfin inú bóòtì ò pọ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ọ̀nì nígbà gbogbo, iṣẹ́ míì kankan ò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá omi. (Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wọ ibí ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn ló rò pé alligator, ẹranko míì tó jọ ọ̀nì, làwọn rí, bí orúkọ odò ṣe di bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nì ni gbogbo wọn.)

Iṣẹ́ òní ni pé ká fa àwọn risífà jáde. Risífà rí bíi fìláàsì dúdú, a máa ń dì í mọ́ okùn irin pẹ̀lú ẹrù wúwo nísàlẹ̀, á wà nínú omi látọdún dé ọdún, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa gbọ́ lọ. Tag tó wà lára ẹja máa ń ké, àmọ́ etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ, igbe ẹ̀ wà ní 69 kilohertz, etí tiwa ò sì kọjá 20. Á ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, àlàfo tó wà láàárín igbe kan sí èkejì ló máa sọ nọ́ńbà ẹja náà. Bí ẹni tó gbọ́ ìlù dùndún látọ̀ọ́kán tó sì ti mọ ẹni tí wọ́n ń kì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tó bá ké tán á sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsinmi ẹ̀ kì í sì dọ́gba, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹja méjì tó wà lójú kan má baà máa ké lu ara wọn nígbà gbogbo. Risífà á kọ nọ́ńbà, déètì àti aago sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni. Kò ní sọ bóyá ebi ń pa á, kò ní sọ bóyá ó gbọgbẹ́. Ó kàn máa sọ pé lágbájá gba ibí kọjá láago báyìí.

Ẹja kan wà tí gbogbo wa ń retí. Abo eléyín-ọ̀kọ̀ ni, lọ́dún tó kọjá la fi tag sí i nínú nígbà tó ṣì kéré, nọ́ńbà ẹ̀ parí sí 41. Ọ̀gá ò fẹ́ ká máa sọ ẹja lórúkọ, torí náà 41 là ń pè é, àmọ́ bá a ṣe ń pè é, ẹni tó bá gbọ́ á mọ̀ pé orúkọ ti ni.

Risífà àkọ́kọ́ jáde wọ́ọ́rọ́. A fi aṣọ nù ún, a so ó mọ́ laptop pẹ̀lú Bluetooth, gbogbo wa dúró bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. 41 wà níbẹ̀. Oṣù kejìlá, ó ń lọ ó ń bọ̀, lójoojúmọ́. Risífà kejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó wà nínú gbogbo ẹ̀, nígbà tí òjò wá dé gan-an, oṣù kìíní sí ìkejì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi ojúlẹ̀ ṣe ń ti odò lọ. Èyí bá ohun tí wọ́n ti rí ní odò Wenlock ní Queensland mu, òjò máa ń lé wọn sápá ìsàlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. A dé ibi ìkarùn-ún, a fa okùn, okùn wá lófo.

Igi ni, ó dá wa lójú, irú igi gbàǹgbà tí omi òjò máa ń wú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Okùn irin já bí òwú. A fi ìkọ́ wọ́ ilẹ̀ odò fún wákàtí méjì títí omi fi yí padà tí awakọ̀ ní ó tó. Kì í ṣe owó risífà ló dùn mí jù o. Gbogbo ohun tó gbọ́ fún ọdún kan, gbogbo ẹni tó gba iwájú ẹ̀ kọjá, wọ́n wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó kàn fún 41.

Ọjọ́ kẹta

Àwọ̀n lónìí. Ìgbà tí omi bá dúró, kó tó yí, nìkan la lè dẹ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣàn á ká a mọ́ra bí ẹní. A kì í fi àwọ̀n sílẹ̀ lọ. Ẹni méjì jókòó tì í, tí léfòó kan bá ti mì báyìí a ti dé ibẹ̀, torí ekurá tó bá há tí ò rí omi gbà kọjá lẹ́nu dáadáa, kì í pẹ́ kú.

Àrọ̀ ló kọ́kọ́ kó wọlé, ó pọ̀ gan-an, ẹ̀gún wọn gún mi níbi mẹ́ta. Ẹja barramundi méjì. Lẹ́yìn náà bull shark kan, oríṣi ekurá míì tó máa ń wọ odò, awakọ̀ ti ń pariwo pé ó ti dé, ó ti dé, Ọ̀gá ní rárá o. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibi tí ọ̀pọ̀ apẹja ti ń ṣe é nìyí, wọ́n á mú ekurá odò wọ́n á ní bull shark ni, wọ́n á sì pa á. Wo lẹbẹ ẹ̀yìn méjèèjì. Ti bull shark, ìkejì kéré gan-an sí àkọ́kọ́. Ti ekurá odò, ìkejì tóbi, á ju ìdajì àkọ́kọ́ lọ. Tún wo ojú, ojú ekurá odò kéré bíńtín, kí ló fẹ́ fi ojú ńlá ṣe nínú omi báyẹn? Tó bá wá jẹ́ ekurá odò lóòótọ́, wo ibi tí àwọ̀ eérú ẹ̀yìn ẹ̀ ti pàdé funfun ikùn: tí ìlà yẹn bá gba abẹ́ ojú gẹ́rẹ́ kọjá, eléyín-ọ̀kọ̀ ni, tó bá jìnnà sísàlẹ̀ ju fífẹ̀ ojú ẹ̀ lọ, garricki ni.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá, léfòó mì lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fa àwọ̀n, mo rí eérú, mo rí ojú kékeré, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Eléyín-ọ̀kọ̀. Akọ. Ọmọ tuntun ni, gígùn ẹ̀ ò pé 65 sẹ̀ǹtímítà, ojú ìwọ́ ẹ̀ lábẹ́ ikùn ò tíì jinná tán. Ẹ gbọ́ mi yé o, ekurá tó ní ìwọ́ bíi ti ọmọ èèyàn! Àárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni ìyá wọn máa ń bí wọn, kí òjò tó dé, ìdí tá a fi wá lásìkò ooru burúkú yìí nìyẹn.

A gbé e sínú ọpọ́n omi, a yí i kó dojú ikùn sókè. Ekurá tó bá dojú sókè báyìí máa ń dákẹ́ lọ gbári bí ẹni tí oorun gbé. Èmi ni mo di rọ́bà tó ń fún un lómi lẹ́nu mú, mo ń wo bí omi ṣe ń gba ibi tó fi ń mí jáde. Ọ̀gá fi abẹ la ibi tí ò gùn ju èékánná méjì lọ, ó ti tag wọlé, ó fi òwú rán an, abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti wọn tag náà tẹ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 2 nínú 100 ara ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà a gé ẹ̀là bíńtín létí lẹbẹ ẹ̀ fún DNA.

Ẹ̀là bíńtín yẹn ńkọ́, òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ekurá odò Adelaide, ti àwọn odò Alligator yìí, àti ti Wenlock, wọn ò jọra nínú DNA tí ìyá nìkan máa ń fún ọmọ. Adelaide àti ibí, inú gulf kan náà, ìyẹn apá òkun tó ya wọ ilẹ̀, ni wọ́n jọ ń ṣàn sí, kò jìnnà rárá fẹja tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ìyá ò pààrọ̀ odò. Ohun tó dà bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n bí abo sí ló máa ń padà wá bímọ sí. Èmi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn, torí ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá fi àwọ̀n kó àwọn ti odò kan tán, àwọn ti odò kejì ò ní wá dí àyè wọn.

Mo gbé e sétí bóòtì, ẹni tó ń wo ọ̀nì ní ó yá. Mo di ìrù ẹ̀ mú díẹ̀ nínú omi títí tó fi gbọn ara, ó gba ọwọ́ mi lọ fìrì. Nọ́ńbà tiẹ̀ parí sí 58.

Ọjọ́ kẹrin

Ìjì. Mànàmáná látàárọ̀, a ò lè gbé bóòtì sómi. A jókòó sábẹ́ tapólì, a ń rán àwọ̀n tí àrọ̀ ti ya. Nígbà tó dalẹ́ ẹ̀fọn bo wa.

Ọjọ́ karùn-ún

A gòkè odò gan-an lónìí, lọ sápá ibi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ranger kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò pọ̀ ló wakọ̀. Ó dá bóòtì dúró níbi tí odò ti kọ igun, ó nawọ́ sí etí yanrìn kan, ó ní ibẹ̀. Mo ní Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn sí látìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé.

A ò jókòó pẹ́ tí àwọ̀n fi rì sísàlẹ̀ lápá kan. Ẹja aláyùn! Tẹ́ ò bá rí i rí, ẹ fojú inú wo ekurá tí wọ́n tẹ̀ ní pẹlẹbẹ, kí ẹ wá fi ayùn olójú méjì sí i nímú. Pristis pristis ni, ọmọdé ni ṣùgbọ́n ó ti lé ní mítà kan, ayùn ẹ̀ ti fi àwọ̀n wé ara ẹ̀ débi pé a ò mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀. Ayùn yìí ni ìyà ẹ̀ látilẹ̀. Ekurá lè bọ́ nínú àwọ̀n, aláyùn ò lè bọ́, gbogbo eyín ayùn ẹ̀ ni ìkọ́. Ẹ̀gbọ́n fi táwẹ̀lì tútù bò ó lójú, ó di orí ayùn mú ṣinṣin, èmi ń fi sísọ́ọ̀sì gé àwọ̀n fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. A ò gbìyànjú láti tú u. Àwọ̀n ṣeé rà.

A ka eyín ayùn: 19 lọ́tùn-ún, 20 lósì. Láàárín 14 sí 24 ló máa ń wà lápá kọ̀ọ̀kan fún irú tiẹ̀, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí ó wúlò láti dá a mọ̀ tá a bá tún pàdé. Nínú ìyá ẹ̀, ayùn yìí rọ̀, nǹkan kan sì bò ó bí àkọ̀ idà, kó má baà ya ìyá nínú nígbà ìbí. Tó bá dàgbà ó di irinṣẹ́, á fi lu ẹja kéékèèké, àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ sì máa ń gbọ́ iná tín-ín-tín tó ń jáde lára ẹran tó fara pa mọ́ sínú ẹrẹ̀. Tag tiẹ̀, a ò la ikùn, lẹbẹ ẹ̀yìn la dè é mọ́.

Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa lò nínú omi tí ò níyọ̀ báyìí kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun, níbi tó ti lè gùn ju mítà mẹ́fà lọ. Tí òjò bá wá wọ́n lọ́dún kan, àwọn ọmọ tó gòkè wọ àbàtà á há sínú kòtò omi tó ń gbẹ. Ẹ̀gbọ́n ní lórí odò Daly, àwọn ranger Malak Malak máa ń gbé wọn nínú àwọn kòtò bẹ́ẹ̀ padà sínú odò kí oòrùn tó pa wọ́n. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n lọ mú ọmọ wọn nílé ìwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ná owó sẹ́fà ti BCEAO, báńkì àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rí, ẹja tẹ́ ẹ ń rí lára bébà yẹn, aláyùn ni. Ó kún etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà kan, wọ́n ya àwòrán ẹ̀ sára òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà, lónìí ó ṣòro kéèyàn tó rí ẹyọ kan níbẹ̀. Nínú ìwé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń kọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run sílẹ̀, ìpele tó kẹ́yìn kí ẹja tó run nínú omi ló wà. Oríṣi márùn-ún péré ni aláyùn tó wà láyé, mẹ́rin nínú wọn wà ní àríwá Ọsirélíà yìí. Ìgbà tí mo di ara ẹ̀ mú tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lábẹ́ ọwọ́ mi, gbogbo eléyìí ló ń lọ lọ́kàn mi, omi sì ń bọ́ lójú mi, ìyẹn ò sì tì mí lójú láti kọ. A tú u sílẹ̀ láago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò sáré. Ó kàn rọra rì.

Ọjọ́ kẹfà

Òru la fi ṣe ọjọ́ yìí. Ọ̀gá ní ká tọpa 58 fúnra wa, ká má dúró de risífà. Irú ẹ̀rọ míì ló wà fún ìyẹn: maikirofóònù inú omi lórí ọ̀pá kan, o máa ki í bọ omi, o máa yí i kiri bí ẹni tó ń yí ẹ́ríà tẹlifísàn, ibi tí igbe ẹ̀ bá ti ta jù ni kó o kọjú sí. Ẹ̀rọ náà ló máa ń sọ igbe yẹn di ohun tí etí lè gbọ́.

Wákàtí méjì, a ò gbọ́ nǹkan. Omi tó ń ya gììrì tó kún fún ẹrẹ̀ máa ń jẹ ohùn, lórí odò yìí tá a bá gbọ́ tag látibi 300 mítà a ti jàre. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí mi ò fẹ́ rò. Ṣé ibi tá a rán yẹn ló já? Ṣé ọ̀nì ni? Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òru mo kàn gbọ́ ọ, tọ́, tọ́-tọ́, tọ́, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi ń wọlé, 58 ń bá a wọlé. Kò jà, kò yà sọ́tùn-ún sósì, ó kàn jẹ́ kí omi gbé òun gòkè bí ẹni tó wọ danfó. A tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná pípa, GPS nìkan ló ń tàn lójú Ọ̀gá. Aago kan kọjá omi dúró. Igbe náà dúró sójú kan náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún. Omi yí padà, 58 náà yí padà. Ọmọ tí ìwọ́ ẹ̀ ò tíì jinná! Ta ló kọ́ ọ? Ìwádìí kan wà tó jáde ní 2009 lórí odò Adelaide, ekurá mẹ́ta ni wọ́n tọpa nígbà náà, wọ́n rí i pé kìlómítà 10 sí 12 ni wọ́n ń bá omi lọ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé tàbí tó bá jáde. Mo ti ka ìwé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo rò pé ó ti yé mi. Kò yé mi rárá títí di òru yìí tí mo wà lórí omi náà tí òun àti èmi jọ ń lọ láìsapá.

Ìgbà tí ojúmọ́ fẹ́ mọ́, epo ń tán lọ, ohùn ẹ̀ ń jìnnà. A fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ keje

Ẹnu odò. Ibẹ̀ fẹ̀, ìgbì ń gbá wa, àwọn risífà ibẹ̀ kún fún ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ wọn, ọ̀bẹ la fi ha wọ́n kó tó di pé a rí ojú wọn. Mi ò jẹun àárọ̀. Tí 41 bá kú láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, a ò ní mọ̀ láé. Tí risífà ẹnu odò bá dákẹ́ náà, ìdákẹ́ yẹn lè jẹ́ ikú, ó lè jẹ́ pé apá kejì odò ló gbà kọjá, ó lè jẹ́ pé ìkarahun ló dí risífà létí. Ohun tó máa ń rẹ̀ mí nínú iṣẹ́ yìí ju oòrùn lọ nìyí, pé ìdákẹ́ kan ṣoṣo ní ìtumọ̀ mẹ́ta, o ò sì lè mú ọ̀kan.

Èyí tó wà lápá ìlà-oòrùn ò gbọ́ nǹkan kan tó jẹ mọ́ ọn. Garricki méjì tá a mọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn apá ìsàlẹ̀ níbi tómi ti níyọ̀. A lọ sí ti ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀gá ló di laptop mú, ó ń yí i wálẹ̀, ó yí i, ó dúró, ó wá yí ojú laptop náà sí mi láìsọ nǹkan.

Ìgbà méjì. Oṣù kẹta, òru, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin síra wọn. 41.

Ẹ̀rín ni àbí ẹkún, mi ò mọ èyí tí mo ṣe. Ó ti kọjá ibi tí okùn já, láàyè. Ó ti gba iwájú risífà tó sọ nù yẹn lọ, ìyẹn ti gbọ́ ọ, ó kàn ń sọ ọ́ fún ẹrẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà méjì yẹn, nǹkan kan ò sí. Ibẹ̀ ni odò parí sí, a ò ní risífà kankan lẹ́yìn ibẹ̀. Omi òkun ló kù, àti àwọ̀n. Inú odò Kakadu wọn kì í jẹ́ kí apẹja oníṣòwò dẹ àwọ̀n, ẹja ò sì mọ ibi tí ààlà Kakadu dé.

Risífà kan ló kù tá ò tíì lò. Ọ̀gá fẹ́ kí ó rọ́pò ìkarùn-ún, awakọ̀ ní ká gbé e wá sẹ́nu odò níbí. Wọ́n jà á díẹ̀. Èmi náà fẹ́ ẹnu odò, tí mo bá fẹ́ sòótọ́ torí 41 ni, kì í ṣe ìdí ìmọ̀ kankan. Ọ̀gá ló jàre, tí a ò bá gbọ́ nǹkan láàárín, a ò ní mọ ibi tí àwọn ọmọ bíi 58 ti ń kú sí. A gbé e padà lọ sí ìkarùn-ún, okùn irin méjì dípò ẹyọ kan, ẹrù tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì so ó sápá ibi tí odò ti kọ igun kí igi má baà rí i gbá tààràtà.

Ọjọ́ kẹjọ

A tú tẹ́ńtì, a fọ bóòtì. Àǹtí wá, ó béèrè pé kí la rí. Mo sọ ti 58 fún un, bó ṣe ń bá omi lọ bọ̀ lóru. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ti 41, pé ó jáde lọ sí òkun lóṣù kẹta, a ò sì tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ látìgbà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá abo ni tàbí akọ. Mo ní abo ni, Àǹtí. Ó mi orí, ó yíjú sí odò, kò fi nǹkan kan kún un.

Tá a bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ a ó mú risífà méjì sí i wá fún ẹnu odò, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ohun tá a nílò, mo fàlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò bẹ̀rẹ̀ bá a ṣe gun Arnhem Highway, òjò gidi, wáípà ò lè gbá a tán. Omi odò á bẹ̀rẹ̀ sí í kún láti alẹ́ yìí.